“Àjùmọ̀ní” ni dísìkì yẹn, kì í ṣe “àjùmọ̀lò”

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka ibi tí ẹ ti pe dísìkì kan tí sáfà méjì (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) so mọ́ ní “dísìkì àjùmọ̀lò”, tí ẹ ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ sáfà ni mo fi ń jẹun, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ: “lò” ìdí rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ní agbo ilé wa ní Òjé, kànga kan ni gbogbo wa ní, okùn kan, korobá kan. Bí ẹnìkan bá ń fà á lọ́wọ́, ẹlòmíràn á sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀, á dúró. “Ohun àjùmọ̀ní wa” ni ìyá àgbà máa ń pè é. Bí dísìkì yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn. Láti 1997 tí Microsoft ti gbé ètò tó ń so sáfà pọ̀, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ èkejì bó bá kú, wá fún Windows NT 4.0 Enterprise Edition, tí sáfà inú rẹ̀ kò ju méjì lọ, ọ̀kan ṣoṣo ló lè di dísìkì mú nígbà kan, nítorí NTFS tó ń to fáìlì kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nílé: bí méjèèjì bá jọ ń kọ nǹkan síbẹ̀, olúkúlùkù yóò tẹ̀lé ohun tó ti há sórí, yóò sì máa kọ ọ́ lé iṣẹ́ ẹnìkejì lórí títí fáìlì yóò fi bàjẹ́.

Ẹ ó ní Windows Server 2008 R2 ti mú Cluster Shared Volumes dé ní 2009, tí gbogbo sáfà fi lè jọ kọ̀wé sórí dísìkì kan. Mo gbà, “àjùmọ̀lò” tọ́ sí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáfà kan ṣì ń ṣe olórí agbo ilé, òun ló ń dá fáìlì tuntun sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹ má fi orúkọ ọmọ sọ bàbá.

“Arọ́pò” tí ẹ pe failover, ìyẹn kí sáfà kejì gba iṣẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá kú, ńkọ́? Olùṣe ni “a-” yẹn, bíi ti arọ́pò-orúkọ. Iṣẹ́ náà ni “ìrọ́pò”. Kò yẹ kí ọmọ Ìbàdàn ṣi èyí, àwa tí a ti ń mọ ẹni tó kàn láti ìlà Ọ̀tún tàbí ti Balógun kí Olúbàdàn tó wàjà. Ní ti “àrólé” tí àbúrò wa kan dábàá, ó dùn létí, nítorí ohun tó wà lórí dísìkì nìkan ni sáfà kejì ń jogún. Èyí tí ẹni àkọ́kọ́ kò tíì kọ sílẹ̀ ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n sáfà àkọ́kọ́ lè jí, kó sì gba dísìkì rẹ̀ padà. Àrólé wo ló ń dá ogún padà fún òkú?