Ìparí ọ̀rọ̀ katakata mi: gọ́fánọ̀ ti gbà

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Fún ẹni tí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: katakata Massey Ferguson 135 bàbá mi ni. Ẹ́ńjìnì dísù rẹ̀ kú, a fi ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù Hilux àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí irin ìtúlẹ̀ bá ti wọlẹ̀, á fẹ́ kú. Bí a bá gbé e sókè, á bú ramúramù. Nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gọ́fánọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú eré ẹ́ńjìnì dúró lójú kan. Lóko kò ṣeé ṣe.

Gọ́fánọ̀ tí bẹ́ẹ̀tì ń yí la dè mọ́ ọn. Àṣìṣe mi rèé: mo so ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí ojú kábúrẹ́tọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, wà ní pípadé. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, ṣe ló yẹ kí sípíríǹgì ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Bó bá ń yí, àwọn irin inú gọ́fánọ̀ á fẹ̀ síta, wọn á sì máa fà á padé. Mo tú u, mo tún un so.

Ẹ́ńjìnì wá ń sáré, ó ń rọlẹ̀, vùù, vùù, láìdúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n sún sípíríǹgì jìnnà sí ìdí apá gọ́fánọ̀, Ọlọ́run á san yín lóore. Ihò kẹta lára apá náà ló gbà á. Mo tún pààrọ̀ orí ọ̀pá tó ti jẹ, tó ń mì.

Mo fi eré rẹ̀ sí bíi kó máa yí ní ìgbà 1,700 ní ìṣẹ́jú kan, kí PTO, ọ̀pá ẹ̀yìn katakata tó ń yí irinṣẹ́, lè máa yí ní ìgbà 540. Lánàá a kọ ebè títí ọ̀sán. Bàbá jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń tẹ́tí. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ò yí padà."