Èsì: ká má pe asura ní èṣù, ká má sì fi “ère” nìkan túmọ̀ murti

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé bí a bá ń kọ̀wé nípa àwọn tí àwọn Híńdù ń bọ ní Íńdíà, kí deva jẹ́ òrìṣà, kí murti jẹ́ ère, kí avatara jẹ́ àtúnwá, kí asura sì jẹ́ èṣù. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Mẹ́ta yòókù ni mo ní ẹjọ́ lé lórí, ti asura ló sì dùn mí jù.

Kí n tètè mú ti deva kúrò ńlẹ̀, nítorí àwọn kan ní “ọlọ́run kéékèèké” ló yẹ. Rárá o. Ọlọ́run kò ní ẹlẹ́gbẹ́ lédè wa. Bíbélì ló kọ́ wa láti máa fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ fún tàwọn ẹlòmíràn. Òrìṣà bá a mu, títí kan ọ̀rọ̀ iye wọn. Nínú Brihadaranyaka Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ kan ti àwọn Híńdù, Vidagdha bi amòye Yajnavalkya pé òrìṣà mélòó ló wà. Ó ní 303 àti 3,003. Vidagdha tún bi í, ó ní 33. Ó tún bi í, ó ní mẹ́fà, ó di mẹ́ta, ó di méjì, ó di ọ̀kan àtààbọ̀, títí ó fi kan ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n sì tún máa ń sọ pé òrìṣà “33 koti” ló wà, àríyànjiyàn ibẹ̀ kò sì tíì tán: koti lè jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ ọ̀wọ́. Àwa tí àwọn àgbà wa ń pe òrìṣà ní igba ó lé kan lónìí, tí wọ́n á pè wọ́n ní irínwó ó lé kan lọ́la, irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàjèjì sí wa.

Ó wá kan asura, àwọn alágbára tó máa ń bá deva jà. A kò tíì bọ́ nínú wàhálà tí ìtumọ̀ Bíbélì kó bá Èṣù tiwa, òrìṣà tí í gbé ẹbọ dé ọ̀run. Bí a bá tún wá fi orúkọ rẹ̀ pe asura, a ṣẹ òrìṣà wa, a sì ṣi asura túmọ̀. Ẹnì kan ní kí a lo ajogun. Ó sàn jù, àmọ́ Ikú, Àrùn àti Òfò kì í tọrọ oore lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Asura máa ń tọrọ. Yóò gbààwẹ̀, yóò fìyà jẹ ara rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, títí Brahma, òrìṣà tó dá ayé, yóò fi ṣe ohun tó fẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Mahishasura, tí í di ẹfọ̀n, ṣe gba ìlérí pé ọkùnrin kankan kò ní lè pa á. Ìlérí yẹn ló mú kí àwọn òrìṣà kó agbára wọn jọ sára obìnrin kan, Durga, òun ló sì pa á. Ẹ tún wo ìdílé wọn: ọbàkan ni wọ́n. Amòye Kashyapa ni bàbá, ìyá ló yàtọ̀. Aditi bí àwọn deva, Diti bí àwọn ìdílé ńlá kan láàárín àwọn asura.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá tó, ẹ lọ wo ọdún Onam ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà. Asura ni wọ́n ń kí káàbọ̀ níbẹ̀! Mahabali, ọba asura, ṣàkóso débi pé àwọn èèyàn rẹ̀ kò mọ ìyà. Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá wọn, di aràrá, ó tọrọ ilẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi méjì gba ayé òun ọ̀run, Mahabali sì gbé orí rẹ̀ kalẹ̀ fún ìkẹta. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, wọ́n sì gbà fún un pé kó máa wá wo àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́jọ́ yẹn, ilé gbogbo á to òdòdó sílẹ̀ dè é. Ta ní í to òdòdó de èṣù? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní ásúrà, ká ṣàlàyé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá jẹ yọ, ká sì máa lọ.

Ti avatara kò le. Àtúnwá jẹ́ ti ẹni tó kú tó sì padà wá, irú tí a ń torí rẹ̀ sọ ọmọ ní Babátúndé. Àwọn Híńdù náà gbà pé èèyàn ń tún ayé wá, ṣùgbọ́n wọn kì í pe ìyẹn ní avatara. Vishnu kò kú kó tó di ẹja, ìjàpá, ìmàdò, abara-èèyàn-olórí-kìnnìún, Rama tàbí Krishna. Sísọ̀kalẹ̀ láti òkè ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, a sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi rọ̀ sí Ifẹ̀. Ìrọ̀wáyé ni mo dá lábàá, ìrọ̀wáyé mẹ́wàá ti Vishnu.

Murti ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ní Kumartuli, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní ìlú Kolkata, oparun àti koríko ni wọ́n fi ń ṣe egungun Durga kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó. Ojú ló ń gbẹ̀yìn. Àṣà ni pé ọjọ́ Mahalaya, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Durga tó wọ̀, ni wọ́n ń kùn ún. Ère ṣì ni ní gbogbo àsìkò yìí: wọ́n ń ná an, wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù. Ìgbà tí àlùfáà bá ṣe prana pratishtha, tó pe èémí wọ inú rẹ̀, ló di ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ tí wọ́n sì ń kí. Ní ọjọ́ kẹwàá ọdún náà wọ́n á sìn ín dé odò Hooghly, amọ̀ á sì padà di amọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ìrìn yìí já.

Òfin Íńdíà tilẹ̀ gbà pé òrìṣà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ báyìí lè ní ilẹ̀, ó sì lè pẹjọ́. Lọ́dún 1976, ẹnì kan tó ń gbẹ́lẹ̀ ní Pathur ní Tamil Nadu hú Nataraja onídẹ jáde, ìyẹn òrìṣà ńlá Shiva níbi tó ti ń jó. Wọ́n tà á, ó dé London. Tẹ́ńpìlì rẹ̀, tó ti di àwókù, wà lára àwọn tó pẹjọ́ níbẹ̀, kóòtù gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́, Nataraja sì padà sílé ní 1991. Ní ìlú Ayodhya, Rama ọmọdé, Ram Lalla, wà lára olùpẹjọ́. Ní 9 oṣù Kọkànlá 2019 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ilẹ̀ náà fún un, ilẹ̀ tí mọ́sálásí Babri wà kí wọ́n tó wó o ní 1992, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ti tìtorí rẹ̀ ṣòfò. Oníròyìn Yorùbá tó bá kọ pé “ère pẹjọ́” ti bú ẹgbẹ́ kan. Tó bá kọ “Ọlọ́run pẹjọ́”, ó ti gbè sẹ́yìn wọn.

Àbá mi nìyí: ère kí èémí tó wọ̀ ọ́, ojú òrìṣà lẹ́yìn rẹ̀. A ń sọ ojúbọ, a ń sọ ojú Ògún, bó tilẹ̀ jẹ́ irin lásán ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkúta Shiva ṣe jẹ́ òkúta tí kò ní imú tí kò ní ẹnu. Darshan tí àwọn Híńdù ń tìtorí rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, kí èèyàn rí òrìṣà kí òrìṣà náà rí i ni.

Ibì kan ṣì wà tó ń kọ mí lóminú. Ojú òrìṣà tiwa kì í sábà kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ní gúúsù Íńdíà wọ́n ní àwọn onídẹ tí wọ́n ń gbé kiri ìlú lọ́jọ́ ọdún, tí ihò wà nídìí wọn fún ọ̀pá tí wọ́n fi ń rù wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí òrìṣà láàárín wa, kí lẹ ń pe ohun tí òrìṣà wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e jáde kúrò lójúbọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́.