Dídá ìtọ̀ dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ próstéètì tí wọ́n fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Láti yàrá iṣẹ́ abẹ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì ló ń dá ìtọ̀ dúró lára ọkùnrin. Ti òkè wà ní ọrùn àpò ìtọ̀, ó ń ti ara rẹ̀ láìjẹ́ pé a ronú sí i. Ti ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ próstéètì gan-an, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, òun la lè fúnra wa fún pa. Bí wọ́n bá yọ próstéètì nítorí jẹjẹrẹ, ti òkè sábà máa ń bá a lọ tàbí kó dẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ ẹni méjì.

Rọ́bọ́ọ̀tì kì í dá ṣiṣẹ́ o. Dókítà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ni apá rọ́bọ́ọ̀tì ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ bi í pé: mélòó lẹ ti ṣe? Báwo ni ọ̀nà ìtọ̀ tó wà lábẹ́ próstéètì mi ṣe gùn tó nínú àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ MRI yà? Bó bá ṣe gùn tó ni ìtọ̀ ṣe máa ń tètè dúró. Ṣé ẹ ó gba iwájú àpò ìtọ̀ wọlé ni àbí ẹ̀yìn? Ti ẹ̀yìn kì í tú ohun tó so àpò ìtọ̀ mọ́ iwájú, ìtọ̀ sì sábà máa ń tètè dúró ní oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá fi máa pé ọdún kan, ìyàtọ̀ náà á ti kéré. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè dá iṣan ìmọ̀lára tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì próstéètì sí. Bí jẹjẹrẹ bá ti sún mọ́ ọn, ẹ má fi agídí bẹ̀ ẹ́.

* * *

Ẹ ṣeun, dókítà. Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń kì sínú ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa gbà á jáde ni tèmi. Ó sábà máa ń wà lára fún ọjọ́ 7 sí 10, kí ibi tí wọ́n rán àpò ìtọ̀ mọ́ ọ̀nà ìtọ̀ lè jinná. Bó bá já bọ́ ṣáájú àkókò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í padà. Ó lè gún ojú ibi tí wọ́n rán. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ pè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ mú páàdì àti pátá tó fún mọ́ra dání. Pátá gbàgẹ̀rẹ̀ kì í di páàdì mú.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì. Fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yìí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ dá a dúró tí rọ́bà bá wà lára, ẹ tún máa bá a lọ tí wọ́n bá ti yọ ọ́.

Ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ ń fún. Wọ́n á di ìdí pọ̀, wọ́n á fa ikùn wọlé, wọ́n á sé èémí, ìtọ̀ á sì tún máa jò, torí ikùn tó le ń tẹ àpò ìtọ̀ ni. Iwájú ni ká wò: ẹ ṣe bí ẹni tó ń fa nǹkan ọkùnrin rẹ̀ padà sínú. Ẹ bọ́ṣọ níwájú dígí. Tí ẹ bá ṣe é re, ìdí nǹkan ọkùnrin á sún wọlé díẹ̀, kórópọ̀n á gbéra, itan àti ìdí ò ní mira. Ẹ máa kà sókè bí ẹ ti ń fún un; ẹni tó ń kà sókè ò lè sé èémí.

Ẹ fún un fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ tú u sílẹ̀ fún iye kan náà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, fífún kíákíá 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti tó. Bó bá ti rọrùn, ẹ gbé e dé ìṣẹ́jú-àáyá 10. Lórí ìdùbúlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sórí àga, ẹ wá máa ṣe é lórí ìdúró. Àṣejù ò dáa níbí: iṣan tó ti rẹ̀ ló ń jò nírọ̀lẹ́. Ẹ má sì sọ dídá ìtọ̀ dúró láàárín títọ̀ di àṣà, kí ó má baà mọ́ àpò ìtọ̀ lára láti máa ṣẹ́ ìtọ̀ kù.

Èyí tó ń gbani jù ni fífún ṣáájú: ṣáájú ikọ́, ṣáájú sísín, ṣáájú ẹrù. Tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí àga, ẹ fún un, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ mí jáde, ẹ dìde tán pátápátá kí ẹ tó tú u.

* * *

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìtọ̀ tó ń jò ṣe pọ̀ tó, iye páàdì ń tanni jẹ, torí ẹlòmíì ń pààrọ̀ tó bá tutù díẹ̀, ẹlòmíì ń dúró kó kún. Ẹ wọn páàdì gbígbẹ lórí òṣùwọ̀n, ẹ wọn àwọn tútù ti wákàtí 24, ẹ yọ ìwọ̀n iye páàdì kan náà ní gbígbẹ kúrò. Gíráàmù 1 jẹ́ mìlílítà ìtọ̀ 1. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Òru ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ẹ má fi omi du ara yín, ìtọ̀ tó ki ń ta àpò ìtọ̀ lára. Kọfí àti ọtí ni kí ẹ dínkù. Ẹ yé tọ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 kún àlàfo títí yóò fi tó wákàtí 2 sí 3.

Bí ìtọ̀ bá ti ń dúró tẹ́lẹ̀, tó tún wá ń jò, tó ń yọ tín-ín-rín, ó lè jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n rán ti ń sún kì. Ẹ tètè rí dókítà. Ẹni tí kò lè tọ̀ rárá, tàbí tí ibà mú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí oṣù 6 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ béèrè nípa àmúrè tí wọ́n ń fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ sókè, fún jíjò tí kò pọ̀, tàbí ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá fún jíjò tó pọ̀. Inú àpò kórópọ̀n ni bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá náà tó ṣí wà. Ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi rọ́bà sí i pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀, torí bí rọ́bà bá fi tipátipá kọjá níbi tó ti pa dé, ọ̀nà ìtọ̀ lè fàya.