Àwárí, ìhùmọ̀ àbí kòńgẹ́? Lórí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Bell Labs

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ẹni wa tó ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ nípa àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní Bell Labs, tó jẹ́ ilé ìwádìí nígbà yẹn fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ní New Jersey, ní kí la ó máa pe ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn kan ní "àwárí" ni kó fi pe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní "ìhùmọ̀". Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì bí orúkọ àpapọ̀.

Èyí tó rọrùn ni transistor, èròjà kékeré tó máa ń wà nínú rédíò àti kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kejìlá 1947, Bardeen àti Brattain fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo etí ike onígun mẹ́ta, wọ́n fi tẹ èérún germanium (èròjà kan tó jọ irin), iná mànàmáná tí kò lágbára bá di alágbára. Shockley tó jẹ́ ọ̀gá wọn hùmọ̀ irú tirẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba Nobel ní 1956. Kò sí transistor kankan nílé ayé tẹ́lẹ̀ tí èèyàn lè wá rí. Ìhùmọ̀ ni. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ "ìhùmọ̀" ń rùn bí ète, àmọ́ ṣé "ọgbọ́n" náà ò ní ti àrékérekè nínú ni? (Àwọn náà jà lórí orúkọ o. Ní 1948, wọ́n dìbò lórí ohun tí wọ́n máa pè é, "iotatron" wà nínú ẹ̀. "Transistor" tí ẹlẹgbẹ́ wọn John Pierce mú wá ló wọlé.)

Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀dọ̀ Penzias àti Wilson, àwọn onímọ̀ Bell Labs méjì míì. Ní 1964, ní ìlú Holmdel ní New Jersey, áńténà onírìísí ìwo kan wà níkàáwọ́ wọn, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Ibi yòówù kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí lójú ọ̀run, tọ̀sán tòru, ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ò yéé dún nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá ẹyẹlé méjì tó ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, ìgbẹ́ funfun bo inú ìwo. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n fọ ìgbẹ́, ariwo ò lọ. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ tí onímọ̀ físíìsì kan, Dicke, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe ní yunifásítì Princeton ló tó yé wọn pé ìtànṣán tó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé ni. Nobel tiwọn dé ní 1978.

Ṣé àwárí lẹ máa pe ìyẹn? Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: ẹni tó wá nǹkan títí tó fi rí i ló ṣe àwárí. Dicke ló ń wá a, kò tíì rí i. Penzias àti Wilson ò wá a, àwọn ló rí i. Ìwádìí ni wọ́n ṣe, ìdí ariwo ni wọ́n ń wá.

Ẹnìkan dábàá "àṣèèṣìrí". Ó dùn létí, àmọ́ ó bu iṣẹ́ wọn kù, bí ẹni pé owó ni wọ́n fẹsẹ̀ gbá lójú títì. Ẹni tó kàn ṣèèṣì ò ní wọnú ìwo lọ fọ ìgbẹ́ ẹyẹlé.

Lójú tèmi, kò sóhun tó ní ká fi dandan wá ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa ti tó o ṣe. Kó kọ ọ́ pé: "Wọ́n ṣe kòńgẹ́ ariwo kan, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ títí." Ti transistor, "wọ́n hùmọ̀ rẹ̀." Lórí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, "iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn" ti tó.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ti Boyle àti Smith. Ní 1969, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi tọ́jú nǹkan sí. Ojú kámẹ́rà ló padà dà, òun ló sì gbé Nobel fún wọn ní 2009. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ "ìhùmọ̀", ọ̀kan ni wọ́n hùmọ̀, òmíràn ló jáde. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?