Ṣé "tó ń ṣiṣẹ́" àti "odidi" jọ jẹ́ ọ̀kan náà?

Ẹ̀yin ará, ẹni tó dábàá "yíyọ àwọ̀ ewé tó ń ṣiṣẹ́" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ yíya chloroplast tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ("functional") sọ́tọ̀ kúrò nínú ewé ohun ọ̀gbìn ṣe akitiyan, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Chlorophyll ni àwọ̀ ewé. Bí a bá rẹ ewé sínú ọtí líle, àwọ̀ náà á yọ sínú ọtí, ṣùgbọ́n kò ní lè fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ mọ́. Chloroplast ni àpò tí àwọ̀ náà ń gbé, awọ méjì ló sì bò ó. "Àpò àwọ̀-ewé" ni màá pè é.

"Yíyọ" náà kò bá a mu. Wọ́n á kọ́kọ́ fi spinach tàbí pea sínú òkùnkùn kí sítáàṣì inú ewé lè dín kù, torí hóró sítáàṣì máa ń fa àpò ya nínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, nínú omi tó tutù bíi yìnyín, tó ní sorbitol, ohun kan tó jọ ṣúgà, bíi 0.33 M (mole 0.33 nínú lítà kan). Bó bá jẹ́ omi lásán ni, àpò á fà á mu, á wú, á bẹ́. Kí awọ má ya ni gbogbo ìṣọ́ra yẹn wà fún. "Yíyà sọ́tọ̀" ló yẹ ẹ́.

"Tó ń ṣiṣẹ́" gan-an ni ìjà wà. Àwọn kan ní "odidi", ìyẹn èyí tí awọ rẹ̀ kò ya, ló túmọ̀ sí. Rárá o! Àpò tó ti ya ṣì lè tú ọ́síjìn jáde nínú ìmọ́lẹ̀ bí a bá fún un ní ohun tó máa gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Irú iṣẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Hill fi hàn ní 1937 nìyẹn. Àmọ́ kó tó lè sọ kábọ́nì dàyọ́síáìdì di ṣúgà dáadáa, àfi kó jẹ́ odidi. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pàápàá máa ń dán an wò: ferricyanide, ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, kì í kọjá lára awọ àpò, nítorí náà wọ́n á wọn ọ́síjìn tó ń jáde nígbà tí ferricyanide wà níbẹ̀, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi omi bẹ́ àwọn àpò náà, wọ́n á sì tún un wọ̀n. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe kéré sí ti ìkejì tó ni odidi ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ "odidi" níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ awọ, ká sì dárúkọ iṣẹ́ náà gan-an níbi tí a bá kọ "tó ń ṣiṣẹ́". Ẹni tó bá ní orúkọ Yorùbá fún thylakoid, ìyẹn awọ tó wà nínú chloroplast, kó jọ̀wọ́ mú un wá. "Awọ inú" tí mò ń lò kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.