Oògùn inú omi kò bá màmá mi lára mu: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa ní Abuja níbí là ń gbé. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń bá màmá mi fínra, paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni wọ́n sì ń fà sí wọn lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, omi náà ò tíì kán tó ìṣẹ́jú 10 tí ara fi ń yún wọn, tí àyà fún wọn pinpin. "Ọmọ mi, èémí mi ò délẹ̀." Mo figbe ta!

Nọ́ọ̀sì Hausa kan ló sáré ti omi náà pa. Kò yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú iṣan o. Omi iyọ̀ ló fi rọ́pò rẹ̀, ó gún wọn ní hydrocortisone àti Phenergan, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń kápá irú ìṣòro yìí, ó sì gbé ọ́síjìn sí wọn nímú. Nígbà tó yá, ara wọn balẹ̀.

Àṣírí kan rèé: ilé ìwòsàn ní kí Màmá lo dexamethasone, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ paclitaxel, lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa fà á àti ní ìdájí ọjọ́ náà. Màmá fo ti ìdájí, wọ́n ní kò jẹ́ kí àwọn sùn. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé dandan ni.

Dókítà ní àwọn á tún un fà, díẹ̀díẹ̀ báyìí. Màmá ní láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ní ká kúkú lọ bá elégbòogi, èyí tí mi ò gbà rárá.

Ta ló ti bá irú èyí pàdé? Tí wọ́n bá rọra fà á, ṣé ó tún padà wá? Báwo lẹ ṣe pàrọwà fún aláìsàn yín?