Bátìrì ọkọ̀ tó ń kú mọ́jú: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bátìrì kejì rèé láàárín oṣù mẹ́rin. Mo máa wa ọkọ̀ délé lálẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, tà-tà-tà lásán ló máa ń dún. Réwáyà mi ní kí n tún ra òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ọmọ ti pẹ́ dé ilé ìwé lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Ọmọ Òṣogbo
Ẹ pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n bá yín tì í, mà.

Ìyá Ìbejì
Ọkọ̀ ọ́tò ni, ọmọ mi. Títì kì í ràn án.

Bàbá Onídáńfó
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Áltánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ tan ọkọ̀, kẹ́ ẹ yọ orí bátìrì kan. Bó bá kú, áltánétọ̀ ti lọ nìyẹn. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ará Àkúrẹ́
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má kọ́ wọn ní èyí. Ohun tó ba ọkọ̀ tèmi jẹ́ gan-an nìyẹn. Ní 2019, mẹkáníìkì kan fa orí bátìrì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ kú pátápátá. Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó. Owó tí mo fi ra òmíràn á ra bátìrì mẹ́fà. Ẹ̀bá títì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, tí mo ń sunkún.

Àdùkẹ́ Ẹ̀kọ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn, rédíò rẹ̀ tún bá a lọ.

Bàbá Onídáńfó
Dáńfó mi ò ní brain box kankan. Ọwọ́ mi ni mo fi ń tún un ṣe, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Ará Àkúrẹ́
Òótọ́ ni, Bàbá. Àmọ́ ọkọ̀ ìyá yìí kì í ṣe dáńfó.

Réwáyà Mọ́kọ́lá
Bátìrì ló máa ń gba iná tó bá ru gùdù mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóltì á fò sókè, á sì jó ohun tó bá rí. Mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì ni kẹ́ ẹ lò. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, á wà ní fóltì 12.6. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.4. Bí kò bá tó 13, ìgbà yẹn la lè fura sí áltánétọ̀.

Ìyá Ìbejì
Aládùúgbò mi ní mítà. 14.2 la rí.

Réwáyà Mọ́kọ́lá
Áltánétọ̀ yín dáa nìyẹn. Nǹkan kan ló ń mu iná lóru. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ yọ wáyà kúrò ní orí negative bátìrì, kẹ́ ẹ wá fi gílóòbù fóltì 12 sáàárín orí yẹn àti wáyà rẹ̀. Ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ sùn, ìyẹn kí àwọn ohun tó ń lo iná nínú rẹ̀ dákẹ́. Bí gílóòbù bá ṣì ń tàn, ẹ máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú. Ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí gílóòbù bá wà níbẹ̀ o.

Ìyá Ajé
Kì í ṣojú lásán o. Ẹ fi òróró pa bónẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Òṣogbo
Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo fíùsì ná.

Ìyá Ajé
Ṣé mo ní kí wọ́n má wò ó ni? Àdúrà ò dí mítà lọ́wọ́.

Àdùkẹ́ Ẹ̀kọ́
Tí nǹkan funfun bá wà lórí bátìrì, ẹ da Coke sí i.

Réwáyà Mọ́kọ́lá
Ṣúgà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Omi gbígbóná tó o. Ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fi gíríìsì pa á.

Àdùkẹ́ Ẹ̀kọ́
Coke ni bàbá mi fi ń fọ tiwọn, ọkọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ará, mo ti rí i! Gílóòbù tàn yòò. Nígbà tá a yọ fíùsì tí wọ́n kọ STOP sí, ó kú. A dá fíùsì padà, a so wáyà bátìrì, mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ lóru náà, gbogbo àgbàlá dúdú kirikiri, ni mo wá rí ògiri tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Iná búréèkì ò kú láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ̀yìn ni mo máa ń fi páàkì mọ́ ògiri, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ike kékeré bíi bọ́tìnnì lókè pẹ́dà búréèkì ló ti gbó tó fọ́, swíìṣì tó ń pa iná búréèkì ò wá rí ohun tó máa tì í mọ́. Mo ti rí èérún ike yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èmi náà ni mo gbá a dànù.

Ará Àkúrẹ́
Háà! Mà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Bátìrì àkọ́kọ́ tí réwáyà mi gbà lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì dáa nígbà yẹn?

Réwáyà Mọ́kọ́lá
Ó ṣeé ṣe kó dáa, mà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ bá mi fún un ní ṣáájì díẹ̀díẹ̀ mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e jìnnà.

Bàbá Onídáńfó
Mo ń jáde lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ mi báyìí.